Ẹ Mú Mi Wo Ọmọ Tó Gbẹ́yìn

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ ń kan ilẹ̀kùn o.

Ẹ jẹ́ ó wọlé, a ti tẹ́ ẹní.

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fo Ìjàpá dá, ó fo Yánníbo dá, kò yà lọ́dọ̀ ajá, kò yà lọ́dọ̀ ẹkùn. Ó lọ balẹ̀ gbì síwájú gééètì ilé ìwé kan tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn. Gééètì náà ga ju ọgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ́rìn-ín tán, torí inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ti ọmọ kan mọ́.

Obìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nílùú Ọ̀yọ́, Marufat lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ awọ ni iṣẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ àti awọ àgùntàn, èyí tí wọ́n pa láró pupa àti èyí tí wọ́n pa láró dúdú, ló fi ń ṣe tìmùtìmù, ìrọ̀rí ńlá tí àwọn olówó ń gbé sí pálọ̀ kí wọ́n lè rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé. Bí ẹ bá rí Marufat nídìí iṣẹ́, ẹ ó rò pé ọ̀bẹ ló ń sá, tí òun ń lé e. Kì í fi ẹfun sàmì. Yóò wo awọ, yóò gbójú sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń rántí nǹkan, yóò gé e, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì dọ́gba.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìwé sí i níwájú, ẹ ti bá a jà nìyẹn. Kíláàsì kẹrin ló ti sá kúrò nílé ìwé. Ó ní lẹ́tà ń rìn lójú òun bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí nínú ihò. Tíṣà ayé ìgbà náà nà án títí, wọ́n ní olódo ni. Bàbá rẹ̀ kò bá wọn jiyàn. Ó kàn fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, àwọn tó ń gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀ ń wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn níṣẹ́. N kò sọ pé ìwé kò dáa o. Ohun tí mo sọ ni pé ẹgba kò lè lé èèrà kúrò lójú èèyàn.

Ohun kan wà tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ tí kò gbàgbé. Bí wọ́n bá gbé awọ wá tà, wọn á ti fi òróró pa ojú rẹ̀, á máa dán bí ọkọ̀ tuntun. Bàbá a ní, “Ojú awọ, ti ẹni tó ń tà á ni. Yí i padà. Lọ sí ìdí ìrù, níbi tó gbẹ́yìn, tó sì fẹ́lẹ́ jù, kó o gún un lábẹ́rẹ́. Bí ibẹ̀ bá gba abẹ́rẹ́ láìya, gbé e. Bó bá ya, fi ojú tó ń dán sílẹ̀ fún òmùgọ̀.” Ẹ di èyí mú. A máa lò ó.

Marufat bí ọmọbìnrin kan fún ọkọ rẹ̀, Ismaheel, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sókè Ọya. Ìbùkúnọlá ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ọmọ tó já fáfá, tó lẹ́nu, tó lọ́wọ́. Etí rẹ̀ dà bí oje igi: ọ̀rọ̀ tó bá ti bà lé e, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ ọ́ padà fún yín láìku ẹyọ kan, yóò sì fi bí ẹ ṣe ń wú ikọ́ kún un.

Etí yìí náà ló tan gbogbo ìdílé jẹ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ṣe wọ́líìmọ́, ayẹyẹ Kùránì kíkà, nílé kéú. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n gbé Kùránì síwájú rẹ̀, ọmọ na ìka sójú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké e, ohùn rẹ̀ sì ń ró geerege. Ẹ̀gbọ́n Ismaheel obìnrin wà níbẹ̀, Alhaja Mùínàt, ẹni tó ń ta aṣọ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì gbà pé ọjọ́ tí òun kò bá sí nílé, oòrùn náà kò ní ráyè yọ. Alhaja dìde, ó ń lẹ owó mọ́ ọmọ níwájú orí. Owó kún iwájú orí, ó já bọ́ sórí ìwé, ó bo ojú ìwé náà pátápátá. Owó bo ìwé, ọmọ sì ń kà lọ. Nínú gbogbo àgbà tó jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé, ibo lọmọ yìí ti ń rí i?

Àfáà Mubaraq mọ̀. Kí owó tó bò ó ni ó ti rí i pé ojú ìwé tí ìka ọmọ wà kì í ṣe ti súrà tó ń ké. Ojú Àfáà rí i, ṣùgbọ́n imú Àfáà ti gbọ́ òórùn ẹran àgbò. Ó gbójú kúrò, ó gbé itọ́ mì, ó ní, “Máṣàálláhù.” Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe gbà pé Ìbùkúnọlá ti mọ̀wé.

Wàyí o, ọmọ tó ké Kùránì báyìí, kí ló dé tí kò lè ka ìlà kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Àwọn ará ilé ọkọ kò pẹ́ kí wọ́n tó rí ìdáhùn, torí àwọn tí kò mọ nǹkan ni ìdáhùn máa ń yá lẹ́nu. Ẹni kan ní ọ̀lẹ ni. Ẹni kejì ní agídí ìyá rẹ̀ ló jogún. Alhaja Mùínàt ní owó tí òun ná lọ́jọ́ wọ́líìmọ́ ló jẹ́ kí ojú ayé wọ ọmọ lára. Wọ́n ní kí wọ́n fọ wàláà fún un mu. Ọmọ mu omi tí wọ́n fi fọ yíǹkì kúrò lójú pákó, ó mu ún láàárọ̀, ó mu ún nírọ̀lẹ́, títí ikùn rẹ̀ fi ń mì bí agbè. Lẹ́tà kò dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá rò pé ó mú kí wọ́n ronú, ẹ kò mọ ará ilé ọkọ. Wọ́n ní omi náà kò tó ni.

Tíṣà kan ló tú u fó. Bọ́lánlé lorúkọ rẹ̀, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá kọ́ kíláàsì kẹfà, tí àwọn àgbà tíṣà sì ń rán níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Lọ́jọ́ kan tí Ìbùkúnọlá tún fi pépà funfun sílẹ̀ nígbà ìdánwò, Tíṣà Bọ́lánlé pè é sẹ́yìn, ó sì bi í ní gbogbo ìbéèrè náà lẹ́nu. Ọmọ dáhùn gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni tíṣà tọ ìyá wá nídìí iṣẹ́. Ó jókòó sórí tìmùtìmù tí kò tíì ní ìhà kan, ó sì dárúkọ òyìnbó kan, dísílẹ́síà. Ó ní ojú ọmọ náà dá ṣáṣá, ọpọlọ rẹ̀ náà sì pé. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ tó wà láàárín àmì tí ojú rí àti ohùn tí ẹnu ń pè kì í tètè dè lọ́dọ̀ irú wọn. Wọ́n lè kọ́ ọ, ó ní, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti rọra kọ́ ọ ni, kí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ọ, kí wọ́n fi etí kọ́ ọ.

Marufat bi í pé ṣé ó máa ń ti ara òbí wá. Tíṣà ní ó wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgba tí Marufat ti jẹ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lẹ́yìn.

“Ìyá Ìbùkún,” ni Tíṣà Bọ́lánlé wí kó tó dìde, “ẹ fara balẹ̀ yan ilé ìwé tó ń bọ̀ yìí o. Bí ẹ bá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìtìjú kọ́ ọmọ, yóò pa ẹnu dé. Ẹnu yẹn nìkan ló sì ní báyìí.” Ó mẹ́nu ba ilé ìwé kékeré kan tí ọmọ ń gbé, lọ́nà Ìrẹsà lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyáàfin Ọlọ́runnísọ̀lá. Marufat gbọ́ ọ pẹ̀lú etí kan. Ìrẹsà? Ibi tí àwọn èèyàn ti ń lọ ra ẹ̀gẹ́?

Ilé ìwé náà ní láti jẹ́ bọ́ọ̀dìn, ibi tí ọmọ ti lè máa sùn. Ismaheel kì í gbélé, kò sì sẹ́ni nílé tó lè jókòó ti ọmọ nírọ̀lẹ́ kó bá a ka ìwé rẹ̀. Ìyá tí èèrà ń rìn lójú rẹ̀, èwo ni yóò bá èèrà ọmọ lé? Alhaja Mùínàt sì ti sọ pé òun ni yóò san owó ilé ìwé, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé òun ni yóò yàn án.

Ibi tó yàn kò jìnnà sí ọjà rẹ̀. Ó sọ ìtàn ibẹ̀ fún Marufat títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó ní ẹ wo gééètì. Ó ní ẹ wo táì tí àwọn ọmọ ń wọ̀, ẹ wo kóòtù, ẹ wo fìlà. Nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ o, wọ́n wọ kóòtù bí ẹni tí yìnyín ń bọ́ lù. Ó ní ọmọ tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀, wọ́n máa ń gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn ni, ó sì sọ èyí bí ẹni tó ń sọ oore tí Ọlọ́run ṣe. Alhaja fúnra rẹ̀, tí wọ́n bá ní kí Yorùbá kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹnu náà á di àpò òfìfo.

Ìṣòro kan ló wà. Gbogbo ọmọ tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ka ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan sókè níwájú ọ̀gá ilé ìwé. Ìṣòro yẹn kò tó nǹkan lójú Alhaja. Akọ̀wé ilé ìwé náà máa ń ra léèsì lọ́wọ́ rẹ̀; léèsì kan bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé, ojú ìwé náà sì bọ́ sọ́wọ́ Alhaja. Alhaja ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ òun máa kà á sí Ìbùkúnọlá létí títí yóò fi mọ́ ọn lórí. “Ṣebí bó ṣe ṣe wọ́líìmọ́ náà nìyẹn,” ló wí. Àṣé ó ti mọ̀. Àṣé gbogbo wọn ni wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n sì ń bomi wàláà fún ọmọ mu.

Kí n má pọ́n Marufat ju bó ṣe yẹ lọ. Òun náà gbà. Gééètì yẹn wọ̀ ọ́ lójú. Ẹni tí wọ́n ti pè ní olódo láti kékeré, bí wọ́n bá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ yóò wọ kóòtù, orí rẹ̀ á yí díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìbùkúnọlá fi gbọ́ ìwé náà, ó ti mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń gé awọ.

“Màámi, ṣé wọ́líìmọ́ la tún fẹ́ lọ ṣe ni?”

Marufat gé awọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ́. Láti ọjọ́ tó ti mú ọ̀bẹ, kò gé awọ wọ́ rí.

Ọjọ́ pé, Alhaja fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn. Ọ̀gá Gabriel ló jáde pàdé wọn, ọ̀gá ilé ìwé náà, ọkùnrin gẹ̀lẹ̀tẹ̀ kan tí kóòtù rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Ó sọ Òyìnbó fún wọn fún ìwọ̀n àkókò tí Marufat lè fi rán ìhà tìmùtìmù kan. Alhaja ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Gbogbo ohun tó gbọ́ níbẹ̀ kò ju ibi tí ọkùnrin náà ti dárúkọ owó lọ. Wọ́n gbé pépà fún Ìbùkúnọlá. Ọmọ gbé e sókè, ó na ìka sí i, ó sì kà á geerege. Iwájú pépà ni ìdajì ìwé náà wà, ẹ̀yìn pépà ni ìdajì kejì wà. Ọmọ kà á débi tí iwájú parí sí, ó kà á kọjá, ó ka gbogbo ẹ̀yìn pépà, kò yí pépà padà.

Ọ̀gá Gabriel kò rí i. Fóònù ló ń wò. Nígbà tí ohùn dákẹ́, ó gbójú sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó ní ọmọ tí ilé ìwé òun ń wá gan-an nìyí. Marufat rántí Àfáà Mubaraq. Ó wá hàn sí i pé ti ọ̀gá ilé ìwé yìí kò tilẹ̀ tó ti Àfáà, torí Àfáà rí i, oúnjẹ ló pa á lẹ́nu mọ́. Eléyìí kò wò rárá.

Wọ́n mú wọn rìn yí ọgbà ká. Gbọ̀ngàn rèé, wọ́n ní. Kọ̀ǹpútà rèé, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Òdòdó rèé, òdòdó oníke ni. Bí Marufat ti ń wo gbogbo dídán yìí, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, bó ṣe máa ń yún un bí wọ́n bá gbé awọ olóròóró sí i níwájú. Ó dúró.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi wo ọmọ tó gbẹ́yìn.”

Alhaja fún un ní ìgúnpá. Ọ̀gá Gabriel rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó wá yé e, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìyá yìí lọ́gbọ́n, pé ó fẹ́ mọ bí àwọn ṣe ń tọ́ àwọn olódo sọ́nà. Ó mú wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjẹun. Pátákó kan wà lára ògiri níbẹ̀, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn. Ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ń lẹ orúkọ àwọn tó kẹ́yìn níbẹ̀, kí gbogbo ilé lè rí i. Àwọn wọ̀nyí ló ń jẹun gbẹ́yìn, ní ìdúró. Ó ní ó máa ń ta wọ́n jí.

Ọmọbìnrin kan dúró lábẹ́ pátákó náà, ó gbá abọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń dúró kí àwọn yòókù jẹun tán. Marufat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kọ́kọ́ gbójú wo pátákó kó tó dáhùn, bí ẹni pé ibẹ̀ lorúkọ òun ń gbé. Ó ya ẹnu, ó pa á dé. Ọ̀gá Gabriel ló bá a dáhùn, ó ní Moyinolúwa ni, ó sì fi kún un pé kò gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ń dákẹ́ dáadáa báyìí.

Marufat wo ẹnu ọmọ yẹn. Ó wo ti Ìbùkúnọlá, tí kò tíì sinmi láti àárọ̀, tó ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, tó ti bá ẹ̀ṣọ́ gééètì sọ̀rọ̀, tó sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó nàró.

“Ọ̀gá, ọmọ mi kò lè kàwé,” ló wí. “Ohun tó kà fún yín yẹn, orí ló há a sí. Irọ́ la pa fún yín, kò sì dáa. Ṣùgbọ́n ìdajì ìwé wà lẹ́yìn pépà, ọmọ kò yí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì jẹ́ ọ̀gá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.”

Alhaja bi í pé ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Ọ̀gá Gabriel fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀. Yorùbá tó ti ń fi Òyìnbó là lẹ́nu di Yorùbá ìjà lójijì, ó sì já geere ju Òyìnbó rẹ̀ lọ. Ó ní ilé ìwé òun kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó àfọ́kù pamọ́ sí.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá,” ni Marufat wí. “Ó pẹ́ tí mo ti ń ra awọ. Èyí tó bá ya nídìí ìrù, bí wọ́n fi òróró pa á lójú títí, n kì í gbé e.” Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì gba gééètì wúrà kọjá láìbojú wẹ̀yìn.

Nínú ọkọ̀, Alhaja sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní kí Marufat má retí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun mọ́. Ó ní ìtìjú tó kó bá òun, ìran àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n dé oríta Ọjà Igbó, ó ní kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀. “Máa mú un lọ, ìyàwó. Kó o lọ sọ ọ́ di oníṣẹ́ awọ bíi tìẹ.”

“Alhaja, ẹ ṣeun,” ni Marufat wí, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa bó ṣe yẹ kí ìyàwó kúnlẹ̀. “Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ní pálọ̀, ẹsẹ̀ yín kò kúrò lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi.”

Wọ́n dúró sí oríta. Marufat kò ní ọ̀nà méjì mọ́. Ó pe ọlọ́kadà, ó ní kó gbé àwọn lọ sọ́nà Ìrẹsà.

Ẹ̀yin ọmọ, bí mo bá sọ fún yín pé ilé ìwé náà lẹ́wà, irọ́ ni. Gééètì rẹ̀ jẹ́ igi ọparun kan tí wọ́n fi dábùú òpó méjì. Ewúrẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba abẹ́ rẹ̀ jáde, wọn kò wọ táì. Marufat yọ ṣùtì sí i. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ṣé torí èyí lòun ṣe ba ti Alhaja jẹ́. Obìnrin kan tó wọ sílípáàsì jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. Marufat ní òun ń wá Ìyáàfin Ọlọ́runnísọ̀lá. Obìnrin náà ní òun nìyẹn, pé kí wọ́n wá jókòó, ẹ kú ìrìn.

Marufat kò jókòó. Ó ti jẹ ìyà irọ́ kan lọ́jọ́ náà, kò fẹ́ jẹ èkejì. Ó ní, “Ọmọ mi kò lè kàwé. Orúkọ òyìnbó kan ni wọ́n ń pè é. Kí n tó jókòó, ẹ mú mi wo ọmọ tó gbẹ́yìn.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

“Ó gbẹ́yìn nínú kí ni?” ló béèrè. “Nínú ìwé kíkà, Blessing ni. Nínú ìṣirò, Timothy ni. Nínú ká tètè jí láàárọ̀, èmi ni.”

Marufat jókòó.

Wọ́n pe Blessing, ó sì sáré dé, yanrìn kún ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àlejò fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń kàwé. Kò tijú. Ó gbé àwo yanrìn kan wá, ó gbé ìwé kan tì í. Ó ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn, ó ń pe ohùn rẹ̀, ó ń so wọ́n pọ̀. Ó dé ibì kan, ó kọsẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó tún padà wá ká a mọ́. Ìlà kan ṣoṣo ló kà. Èèyàn lè bó iṣu kan tán kó tó parí rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn ń kọjá, wọn kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ó sì na ìwé sí Ìbùkúnọlá pé kí òun náà kà.

Ìbùkúnọlá wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ sójú ẹnikẹ́ni rí. “N kò mọ̀ ọ́n kà o.”

“Èmi náà kò tíì mọ̀ ọ́n tán,” ni Blessing wí. “Sún mọ́bí.”

Bí àwọn méjèèjì ti jókòó ti yanrìn, Ìyáàfin Ọlọ́runnísọ̀lá gbé páálí kan wá. Àwọn lẹ́tà ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tó gé láti ara pépà oníyanrìn tí káfíńtà fi ń dán pákó, kí ọmọ lè máa fi ìka tọ̀ ọ́. Wọ́n ti họ tán. Marufat mú ọ̀kan, ó fi ọwọ́ pa á, ó yọ ṣùtì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwọ̀sí iṣẹ́ ọwọ́ ni lójú rẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ nínú báàgì, ó mú àjákù awọ kan, ó yí i padà, kí inú rẹ̀ tó rí ṣákiṣàki lè wà lókè. Ó wo lẹ́tà tó họ náà, ó gé irú rẹ̀ lára awọ. Kò sàmì sí i. Ó gbé e fún Blessing. Ọmọ náà di ojú, ó fi ìka tọ̀ ọ́, ó ní, “Bí ni.” Bẹ́ẹ̀ ni Marufat ṣe mọ lẹ́tà Bí. Àwọn tíṣà fi ẹgba wá a fún ọdún mẹ́rin, wọn kò rí i fún un. Àjákù awọ ló rí i fún un.

Òun àti Ìyáàfin náà fẹnu kò: owó díẹ̀, àti gbogbo lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ńlá àti kékeré, ní awọ pupa.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. N kò ní sọ fún yín pé Ìbùkúnọlá gba ipò kìíní, torí kò gbà á. Ó ń kàwé bí ẹni tó ń gba orí afárá onígi kọjá odò, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ó ń dé òdìkejì.

Iléyá tó kọjá, gbogbo ìdílé pé jọ sí pálọ̀ Alhaja Mùínàt. Ó pẹ́ tó ti ń wá ọjọ́ tí yóò fi ilé ìwé ewúrẹ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àlejò kún ilé, ó gbé ìwé kan tí ọmọ náà kò rí rí fún un, ó ní kó kà á kí wọ́n gbọ́. Àfáà Mubaraq wà níbẹ̀, ibi tí oúnjẹ bá wà, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ìbùkúnọlá ní òun yóò kà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Ó na ìka sí i. Ó kà á díẹ̀díẹ̀. Ó kọsẹ̀, ó dúró, ó padà, ó tún ń lọ. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Ẹnì kan ń wú ikọ́. Marufat jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò mira. Ohùn náà kò dún geerege bíi tàtijọ́ mọ́, ó ń hun, ó ń já, ó ń so.

Nígbà tó ku ìlà díẹ̀, ara Alhaja kò gbà á mọ́. Kò kúkú mọ̀ bóyá kó tijú tàbí kó yangàn, nígbà tí Alhaja kò bá sì mọ ohun tí yóò ṣe, owó ló máa ń ná. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ ọmọ níwájú orí. Owó kan já bọ́ sórí ìwé. Ìbùkúnọlá dúró. Ó mú owó náà kúrò, ó gbé e fún Alhaja ní ọwọ́ méjèèjì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò ó. Mò ń wò ó ni.”

Àfáà Mubaraq wo ilẹ̀. Alhaja padà lọ jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, ó tún gbé e kúrò. Ọmọ náà ka ìlà tó kù tán.

Kí ọjọ́ Iléyá yẹn tó ṣú, Alhaja ti ń sọ fún àwọn àlejò pé òun lòun wá ilé ìwé ọ̀nà Ìrẹsà yẹn rí, pé òun lòun gbé wọn dé oríta. Dídé oríta, ó gbé wọn débẹ̀ lóòótọ́. A kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Àlọ́ mi ti gba ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé jáde. Ta ló ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Moyinolúwa? N kò mọ̀, ọmọ mi. Èmi náà ń rò ó. Ẹ ká ẹní, ẹ lọ sùn. Ẹ má sáré, ẹ má ti ara yín. Ẹni tó bá gbẹ́yìn dé orí ibùsùn, òun ni n ó kọ́kọ́ jí fún àkàrà láàárọ̀.